Ojú Ọ̀gá Lórí Agolo Mílíìkì

Ẹnu Fàrídátù ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní ọjọ́ kejì Ọdún Iléyá, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 2025, nígbà tó wá kí wa láti Ajah, tí a gbé ẹran síwájú rẹ̀ tí kò lè jẹ ẹ́. Ó ní, "Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Màríàm pa." A bi í pé kí ni Màríàm ṣe. Ó ní, "Wọ́n ní ó sọ ojú ìjọba di ìjókòó." Ẹni tó ń fa eegun mu láàárín wa gbàgbé eegun sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó ṣẹ́kù, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ni a ti kó o jọ díẹ̀díẹ̀, a sì tò ó bó ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Màríàm ni ẹ̀gbọ́n Fàrídátù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí géètì Abraham Adésànyà Estate, nínú ilé Bàbá Mikail, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ Ajah tí ilẹ̀ ti tán lọ́wọ́ wọn ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu wọn. Mílíìkì ọmọ ọwọ́ ni ọjà tó ń tà jù, pẹ̀lú yógọ́ọ̀tì, búrẹ́dì, bisikíìtì àti ìlédìí ọmọ. Màríàm ní ìwà kan: kò lè gbé ọjà fún ènìyàn láìkọ́kọ́ wo orí rẹ̀, kó sì ka déètì ibẹ̀ sókè.

"Oṣù kọkànlá ọdún yìí ni o. Ẹ rí i?"

Ìyá Tolúwani, oníbàárà rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò, a máa dáhùn pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí i. Ẹ fún mi ní ṣéńjì mi, oòrùn ń pa ọmọ."

Kò sí ẹni tó rán Màríàm níṣẹ́. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni, bí bìsìmílà ti ń mọ́ni lẹ́nu ká tó ki ọwọ́ bọ oúnjẹ.

Iṣẹ́ tí Màríàm ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yìí, àwọn kan wà tí ìjọba ń san owó oṣù fún láti ṣe é. Àwọn ni Ẹ̀ka Ààbò Oníbàárà ní káńsù. Òfin ní kí wọ́n máa wọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n máa wo ọjà, kí wọ́n kó èyí tó ti bàjẹ́ àti ayédèrú kúrò kó tó dé ẹnu aráàlú. Iṣẹ́ gidi ni. Àwọn tó ṣe é tẹ́lẹ̀ máa ń wọ sálúbàtà, wọ́n á gbé báàgì kọ́ ọrùn, wọ́n á máa yí agolo wò láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ títí ẹ̀yìn yóò fi dùn wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn. Inú kì í run àwọn èèyàn, wọn kò sì mọ ẹni tí wọn ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2023 ni wọ́n fi Ọ̀gá Olúwalóṣèyí ṣe olórí ẹ̀ka náà. Ẹ bá wa ṣí fìlà, Ọ̀gá dé.

Ọ̀gá kò wọ sálúbàtà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, ó ní kí wọ́n gbé àga òun ga díẹ̀ sí i, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ ìlú gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jíjìn. Ohun tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, ògiri ni. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Èmi Olúwalóṣèyí! Èmi ni apata tó dúró láàárín ẹnu aráàlú àti májèlé! Èmi ni asẹ́ tí oúnjẹ ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀fun Lẹ́kkí! Bí mo bá fi lè sùn pẹ́rẹ́n, inú Ajah a run!"

Hakeem, akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí ètè rẹ̀ kì í gbẹ fún ìyìn, ló kọ́kọ́ gbè é: "Ẹ má sùn o, Ọ̀gá!"

Àwọn tó kù gbà á: "Ẹ má sùn o!"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé aago méjì ọ̀sán kò tíì bá Ọ̀gá lójúfò rí nínú ọ́fíìsì yẹn, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù wọn tutù dáadáa. Bí ó bá ti ń hanrun, Hakeem a sọ fún àlejò pé Ọ̀gá ń ronú lórí májèlé.

Tẹ́lẹ̀, sítíkà kékeré kan wà tí ẹ̀ka náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọjà tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Ta ni aráàlú fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé nínú èyí? Kò ní ojú!" Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò rẹ̀ nìyẹn, tó rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú agbádá, tí wọ́n kọ ÀYẸ̀WÒ PÉ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ agolo káàkiri.

Ọ̀gá lọ sí ilé ìtajà ńlá kan ní Lẹ́kkí Phase 1 láti wo bí inú aráàlú ṣe ń dùn sí òun. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn páálí bisikíìtì. Ohun tó rí dùn ún wọra. Kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá mú agolo, orí rẹ̀ ló ń wò. Á gbé e súnmọ́ ojú, á wò ó fínnífínní, á mi orí, á sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin, bákan náà.

"Hakeem," Ọ̀gá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí ni gbogbo wọn ń wò lórí agolo yẹn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wò. Hakeem náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn mọ nǹkan àti kó máa gba owó oṣù. Hakeem ní, "Ọ̀gá, bí mo ṣe ń wò ó yìí, ó jọ pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń wá níbẹ̀, tí wọn ò rí yín."

Omi lé ròrò sójú Ọ̀gá. "Áà! Aráàlú mi! Wọ́n ń wá mi, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́!" Ó dìde lẹ́yìn bisikíìtì. "Ẹ gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wá mi!"

Òfin tuntun jáde: orí ọjà ni ojú Ọ̀gá yóò máa wà, ní ojú ibi tí oníbàárà ń wò gan-an. Wọ́n ní ojú ìjọba kì í wo ilẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ọ̀gá ṣàkíyèsí pé sítíkà náà gé apá agbádá òun. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú. Ó wá tó ọmọrí agolo. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ sórí agolo, ó bo orí náà tán pátápátá, bí ẹni dé fìlà fún un.

Màríàm gba sítíkà tirẹ̀, ó mú agolo kan, ó sì yí i títí. Orí, déètì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan, bí wọ́n ṣe ń po mílíìkì fún ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìdí agolo nìkan ló mọ́ roro. Ó lẹ ojú Ọ̀gá mọ́ ìdí, ó to agolo rẹ̀ padà sórí pẹpẹ, ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ.

Ní Awoyaya, ẹnì kan wà tí kò yí agolo kankan. Dàmọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó ní sítọ́ọ̀ ńlá lẹ́bàá títì. Nígbà tí àwọn oníṣòwò yòókù ń sá fún Ẹ̀ka Ààbò Oníbàárà, òun fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wọn, ó ní ẹ jọ̀ọ́, sítíkà ti tán lọ́wọ́ òun.

"Ọ̀gá, ojú yín ń bá mi tajà," ni Dàmọ́lá wí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èyí tó ti lọ́ra nílẹ̀ tipẹ́, tí mo bá ti fi ojú yín bò ó báyìí, ṣe ló máa ń sá jáde!"

"O gbọ́, Hakeem? Ó ní ojú mi ń wo ọjà sàn!"

"Mo gbọ́ o, Ọ̀gá. Ìwòsàn ni yín."

Dàmọ́lá kò sì parọ́. Ọjà tó bá ti dàgbà kọjá ààlà, a fi ojú Ọ̀gá bò ó, a di ọmọdé padà, a sì tún dínwó díẹ̀.

Ìdínwó yẹn ló fa Ìyá Tolúwani lọ sí Awoyaya. Ó ra agolo méjì. Kò pẹ́ tí Tolúwani fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, tí ọmọ tó ń rákòrò kò lè gbé orí sókè mọ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fún un lómi kó tó tún rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ gbé agolo náà wá bá Màríàm.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ẹ má sọ pé ṣebí ẹ ti sọ."

Màríàm gba agolo náà. Ó fi èékánná ha ojú Ọ̀gá láti iwájú orí dé imú. Déètì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ti kọjá ọdún kan.

Ọjọ́ kejì ló gbé agolo yẹn lọ sí ọ́fíìsì, torí ó ṣì gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ oúnjẹ lọ. Hakeem gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó fò sẹ́yìn.

"Ta ló fa ojú Ọ̀gá ya báyìí?"

"Èmi ni, sà. Déètì ló wà lábẹ́ rẹ̀."

"Mi ò bi yín ní déètì. Ojú ni mo bi yín."

"Ọmọ ènìyàn ló mu ún, sà. Ó dé ilé ìwòsàn."

"Ìyá, iwájú orí Ọ̀gá ti họ, ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ fún mi!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, jíìpù méjì fọn fèrè dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù Màríàm. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá Mikail wà lórí bẹ́ǹṣì lójúde, ó ń run pákò. Ọ̀gá wọlé, ó wo pẹpẹ òkè, ó wo tìsàlẹ̀. Ó wo agolo, ó wo páálí. Ó yíjú sí Màríàm.

"Níbo ni mo wà? Mo ní níbo ni mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Ẹ wà nísàlẹ̀, sà," ni Màríàm dáhùn, ó sì yí agolo kan padà fún un.

Ọ̀gá rí ara rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, eruku pẹpẹ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

"O fi mí sí ìdí agolo!"

"Ibẹ̀ nìkan ni kò sí ìwé, sà."

"Mílíìkì ń jókòó lé mi lórí!"

"Agolo ló jókòó, sà. Èmi ò jókòó."

Bàbá Mikail yọ pákò lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ fiyè dénú. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé ti òkè dúró. Ọmọ yìí bọ̀wọ̀ fún yín ni."

Ṣùgbọ́n etí Ọ̀gá ti di. Ó ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa títí Màríàm yóò fi mọ ibi tí ojú ń gbé. Wọ́n fi tépù pupa dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì lẹ ojú Ọ̀gá mọ́ àgádágodo. Màríàm sá tẹ̀lé e dé ẹnu jíìpù.

"Sà, àwọn ọjà inú ibẹ̀ ní déètì o! Wọ́n á kú síbẹ̀!"

"Kí wọ́n kú," ni Ọ̀gá wí. "Òfin kì í kú."

Ìyẹn ni iṣẹ́ tí Ẹ̀ka Ààbò Oníbàárà ṣe lọ́sẹ̀ yẹn: wọ́n fi ọjà tó dára sílé kó lè bàjẹ́, wọ́n jẹ́ kí èyí tó bàjẹ́ máa rìn káàkiri.

Báyìí ni ọdún ṣe bá Màríàm lórí bẹ́ǹṣì Bàbá Mikail, ó dojú kọ ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ọjà ọdún ti lọ. Ó mọ déètì gbogbo ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún lórí, á jókòó, á sọ fún Fàrídátù pé, "Yógọ́ọ̀tì ti lọ lónìí." Tó bá tún ṣe, "Páálí mílíìkì méjì wà lẹ́sẹ̀ ògiri tí kò ní pẹ́ tẹ̀lé e." Bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ará ilé tó wà ní ọsibítù. Bí wọn kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù náà kí oṣù tó parí, kò ní sí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ padà.

Hakeem ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ọ̀gá fẹ́ ṣe Ọjọ́ Oníbàárà ní pápá kan ní Ajah, Alága káńsù pàápàá ń bọ̀. Bí Màríàm bá wá síbẹ̀, tó lẹ ojú Ọ̀gá mọ́ àyà, tó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ayé, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé agolo mílíìkì lé Ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n á ṣí i fún un.

"Lọ kúnlẹ̀," Fàrídátù bẹ̀ ẹ́. "Eékún kì í bàjẹ́. Yógọ́ọ̀tì ló ń bàjẹ́."

Bàbá Mikail ní, "Màá bá ọ lọ. Ó pẹ́ tí mo ti wo eré kẹ́yìn."

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, pápá kún. Kánópì funfun, àga aláṣọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń han bí ológbò. Dàmọ́lá ti Awoyaya fi ọjà ta ìjọba lọ́rẹ: ó to agolo mílíìkì jọ gòdògbà lórí tábìlì, ojú Ọ̀gá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá jọ ń yọjú láti inú kànga.

Ọ̀gá ti pàṣẹ pé ẹni tí kò bá lẹ ojú òun mọ́ àyà kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gba àṣẹ náà bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n bí sítíkà ṣe ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n lè rí gé nínú ìwé ń dín kù. Nígbà tí Alága fi máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, sítíkà ti tán. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ dí Alága lọ́nà.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ò ní ojú."

Àágùn bo Hakeem. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí òkìtì agolo Dàmọ́lá. Ó sáré lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú Ọ̀gá kúrò lórí agolo lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ dúró!" Dàmọ́lá kígbe. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ó dára níbi tó wà!"

"Ìwọ kò fẹ́ kí Alága wọlé ni?"

"Kó wọlé! Ẹ jẹ́ kó wọlé báyẹn! Hakeem, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!"

Hakeem kò tilẹ̀ gbọ́. Ó lẹ ojú mọ́ àyà Alága, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ìyàwó Alága, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ẹni tó bá Alága gbé báàgì. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ti Màríàm, ó fi ọ̀kan lé Bàbá Mikail lọ́wọ́. Lórí pèpéle, Ọ̀gá ń jẹ mítípáì kejì, ó ń wo bí ojú òun ṣe ń pọ̀ sí i lórí pápá. Ó ní ó dà bíi pé òun ń bí ọmọ. Dàmọ́lá ní òun ń lọ wo mọ́tò òun. Wọn kò tún rí i lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá dìde sọ̀rọ̀. A kò lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí, nítorí ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ó fi ara rẹ̀ wé ògiri, ó wé àwọ̀n ẹ̀fọn, ó wé ìyá tó bí Èkó. Ó wá gbé ife sókè.

"Ohun tí ojú mi bá ti wà lára rẹ̀ rí, mo lè mu ún lójú ayé! Níbo ni ìyá aláìgbọràn yẹn wà? Kó gbé mílíìkì wá!"

Màríàm jáde. Ó kúnlẹ̀. Ó mú ọ̀kan lórí tábìlì nínú àwọn agolo tí Hakeem ti ṣí ojú kúrò lórí wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè. Hakeem gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu kí ayé lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ búra pé kò pète nǹkan kan. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n agolo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà ló nawọ́ síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí agolo bí ó ti máa ń bọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́.

"Oṣù kejì ọdún 2023 ni o," ohùn Màríàm dún káàkiri pápá. "Ẹ rí i?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn síwájú.

Bàbá Mikail ló kọ́kọ́ dìde. Ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó mú agolo kan, ó nà án jìnnà sí ojú bí àwọn àgbà ṣe ń kàwé. Ó mú òmíràn. Àwọn ìyálọ́mọ tẹ̀lé e.

"Ọ̀gá," ni Bàbá wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń báni kẹ́dùn, "kí wọ́n tó fi yín sípò ni mílíìkì yìí ti kú. Òkú lẹ bá nílé."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Tolúwani, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó mu ún. Ọmọ mi mu ún." Ni gbogbo pápá bá gbà á: "Ẹ mu ún o, Ọ̀gá! Ẹ mu ún o!" Ohùn kan náà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń sọ pé kó má sùn ni wọ́n lò.

Ọ̀gá wo ife òfìfo ọwọ́ rẹ̀, ó wo agolo. Ó wo Alága. Ó wo ojú ara rẹ̀ lórí àyà Alága, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i láìmọ nǹkan kan.

"Mo... inú ààwẹ̀ ni mo wà," ó wí.

Èérún mítípáì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Alága dìde. Ó ní ó ti pẹ́ tí ara ti ń fu òun, bẹ́ẹ̀ ohun tó bèèrè kẹ́yìn ni bóyá mítípáì ṣì kù. Ó ṣí sítíkà kúrò láyà rẹ̀, ó fi lé Ọ̀gá lọ́wọ́. "Gba ojú rẹ," ó wí, ó sì lọ sídìí mọ́tò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, "Ẹ gba ojú yín, sà." Ẹni tó ń gbé báàgì, àwọn àgbà ìlú, àwọn ìyálọ́mọ, wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dá ojú padà fún olójú, títí ọwọ́ Ọ̀gá méjèèjì fi kún. Hakeem ló ṣe ìkẹyìn. Òun rọra lẹ tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga, ó ní kí wọ́n má sọ pé òun rún ojú Ọ̀gá.

Ní ọjọ́ Túsídè tó tẹ̀lé e, káńsù gbé Ọ̀gá Olúwalóṣèyí lọ sí ẹ̀ka tó ń kó gọ́tà, níbi tí sítíkà kì í ti í lẹ̀ mọ́ nǹkan nítorí omi. Wọ́n lọ sí Awoyaya, wọ́n kó ọjà òkú inú sítọ́ọ̀ Dàmọ́lá sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí, ọlọ́pàá sì ní kóun náà bá àwọn ká lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń wọ sálúbàtà tún gbé báàgì kọ́ ọrùn.

Méjì nínú wọn ló wá gé tépù pupa lẹ́nu ọ̀nà Màríàm. Kó tó ta ohunkóhun, ó kó yógọ́ọ̀tì jáde, ó kó búrẹ́dì tó ti hu irun, ó kó páálí mílíìkì méjì ẹsẹ̀ ògiri, tí ọjọ́ wọn kọjá ní ọjọ́ kan lẹ́yìn Ọjọ́ Oníbàárà. Àánú rẹ̀ ṣe òṣìṣẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, àtìmọ́lé wa ni wọ́n kú sí. Tí ẹ bá tà wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, a ò rí yín."

"Ẹ rí mi," ni Màríàm wí. Ó gbé wọn fún un, ó ní kó bá òun sọ wọ́n nù.

Ìyá Tolúwani ló kọ́kọ́ rajà. Màríàm mú agolo, ó wo orí rẹ̀. "Oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni o. Ẹ rí i?"

Ìyá Tolúwani kò bèèrè ṣéńjì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Màríàm tún un kà, ó sì gbé agolo náà sórí káńtà. Ojú Ọ̀gá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà ọdún 2025.